Ta ni yóò ka lọ́ọ̀gì yìí? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a lè gbà fi logger sínú kíláàsì

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù ní Àkúrẹ́, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tàbí àwọn tó ti gba ọ́fíìsì kékeré sí Alágbàká, ni pé níbo ló yẹ kí logger, ìyẹn ohun tó ń kọ àkọsílẹ̀ (lọ́ọ̀gì) ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ètò, wà nínú kíláàsì. Àwọn kan á ní òkè fáìlì ni. Àwọn kan á ní constructor, ìyẹn method tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń dá object kíláàsì sílẹ̀, ló yẹ kó gbà á wọlé. Àwọn mìíràn á ní kí a kọ kíláàsì òbí kan, kí gbogbo kíláàsì yòókù wá jogún rẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ni yóò ka ohun tí logger náà bá kọ? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn ìyẹn kò ní pẹ́ mọ ọ̀nà tó yẹ kó gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ètò kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ilé ìrakòkó kan wà ní Àkúrẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń kó kòkó gbígbẹ wá láti Ìdànrè àti Ilé-Olújì. Akọ̀wé á gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkó náà gbẹ dáadáa, á ṣírò owó, á sì fi owó náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì àgbẹ̀. Kíláàsì mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ètò náà: `Osuwon`, `IraKoko` àti `Isanwo`.

Ká ní bàbá àgbẹ̀ kan padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

"Ọmọ mi, kílò mélòó lo kọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Owó tó wọlé fún mi kò tó."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ohun tí akọ̀wé fẹ́ lọ wò yẹn, ẹ̀rí ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le, ó lè dé ọwọ́ ọ̀gá, ó lè dé ọwọ́ ayẹ̀wé-owó-wò. Ọ̀tọ̀ pátápátá ni ohun tí atúnṣe, ìyẹn ẹni tó kọ ètò náà, ń wá nígbà tí òṣùwọ̀n bá kọ̀ tí kò dá kọ̀ǹpútà lóhùn. Ìyẹn fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ló yọ, tàbí nọ́ńbà tó wọlé ni kò pé. Tí ọ̀sẹ̀ bá fi yí po, ohun tó kà yẹn kò wúlò fún un mọ́. Bàbá àgbẹ̀ ní tirẹ̀ lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Òǹkàwé méjì nìyí, àìní wọn kò dọ́gba, ohun tí mo sì fẹ́ fi wọn àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Print kò sí nínú ìdíje

Print dára fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò parí lónìí. Kò mọ aago, kò mọ kíláàsì tó ń sọ̀rọ̀, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kékeré yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ńlá. Logger mọ gbogbo èyí. Ti Python ní ìpele márùn-ún: DEBUG jẹ́ 10, INFO 20, WARNING 30, ERROR 40, CRITICAL 50. Tí ẹ bá ní kó bẹ̀rẹ̀ láti 30, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yóò dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan kíláàsì kankan. Níbi 30 yẹn gan-an ni Python máa ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá tò ó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fi máa ń kọ `log.info` tí wọn kò sì ní rí nǹkan kan. PHP ń lo ìpele mẹ́jọ nínú PSR-3, ìlànà lọ́ọ̀gì rẹ̀, láti inú RFC 5424, ìwé ìlànà tí syslog, ètò lọ́ọ̀gì àwọn sáfà, ń tẹ̀ lé.

Òkè fáìlì tàbí inú constructor

Àárín méjì yìí ni àríyànjiyàn gidi wà. Èyí àkọ́kọ́ rèé:

```python
import logging
log = logging.getLogger(__name__)

class Osuwon:
    def ka_iwon(self, apo):
        log.debug("Mo n beere iwon apo %s", apo.nomba)
        ...
```

Láti Python 2.3 ní 2003 ni `logging` ti wà nínú Python fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa gbé wọlé láti ìta. Ní Java, `private static final Logger` ni wọ́n máa ń kọ sórí kíláàsì, `java.util.logging` sì wọlé pẹ̀lú Java 1.4 ní 2002.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbí ni orúkọ. Tí fáìlì náà bá jẹ́ `irakoko/osuwon.py`, orúkọ logger náà yóò jẹ́ `irakoko.osuwon`, ọmọ `irakoko` sì ni, nítorí àmì ìdánudúró tó wà láàárín wọn. Tí ẹ bá tò `irakoko` sí WARNING, gbogbo ọmọ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, àyàfi èyí tí ẹ bá dìídì tò fúnra rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí òṣùwọ̀n bá ń ṣe ségesège, ẹ lè gbé `irakoko.osuwon` nìkan lọ sí DEBUG, kí àwọn yòókù sì máa bá ìdákẹ́jẹ́ wọn lọ. Iye ìgbà tí ẹ bá sì béèrè orúkọ kan náà lọ́wọ́ `getLogger`, logger kan ṣoṣo náà ni yóò fún yín.

Àtakò tí àwọn olùkọ́ máa ń ṣe sí i ni pé ó fara pamọ́. Ẹni tó bá wo constructor `Osuwon` kò lè mọ̀ pé ó ń kọ lọ́ọ̀gì, àti pé ìdánwò rẹ̀ yóò ṣòro. Òtítọ́ ni apá àkọ́kọ́. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Python: `assertLogs` ti wà nínú `unittest` láti 3.4, pytest náà sì ní `caplog`. Fún lọ́ọ̀gì atúnṣe, fífara pamọ́ yẹn kò yọ mí lẹ́nu rárá. Kò sí ẹni tó ra kòkó nítorí pé òṣùwọ̀n kọ ìlà DEBUG kan.

Èkejì nìyí:

```python
class IraKoko:
    def __init__(self, osuwon, iwe_eri):
        self.osuwon = osuwon
        self.iwe_eri = iwe_eri

    def ra(self, agbe, apo):
        kilo = self.osuwon.ka_iwon(apo)
        self.iwe_eri.ko_ira(agbe.nomba, apo.nomba, kilo)
        return kilo
```

Ẹ wo `iwe_eri` dáadáa. N kò pè é ní logger, kò sì ní `info` tàbí `debug`. Èdè iṣẹ́ kòkó ló ń sọ: `ko_ira`. Ìdí ni pé òǹkàwé rẹ̀ ni bàbá àgbẹ̀ àti ayẹ̀wé-owó-wò, kíkọ ọ́ sílẹ̀ sì jẹ́ ara iṣẹ́ rírà kòkó fúnra rẹ̀. Kòkó tí a rà láìkọ ọ́ sílẹ̀, a kò tíì rà á. Ohun tó bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ sókè fáìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá `IraKoko` kan sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn pé ibo ni ẹ̀rí rẹ̀ yóò lọ. Nínú ìdánwò, ẹ ó kàn fún un ní ìwé ẹ̀rí kékeré tó ń kó gbogbo nǹkan sínú list, ẹ ó sì wò ó bóyá kílò tó wà níbẹ̀ bá ti òṣùwọ̀n mu.

Ohun tí `iwe_eri` yóò ṣe lábẹ́lẹ̀ ni kó kọ ọ́ sínú dátábéèsì, nínú transaction kan náà tí ó ń kọ ìra náà, kí méjèèjì lè jọ wọlé tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi fáìlì lọ́ọ̀gì ṣe ìwé ẹ̀rí. `RotatingFileHandler` ti Python, tí ẹ bá ní kó tọ́jú fáìlì márùn-ún, nígbà tí ìkẹfà bá fẹ́ wọlé, èyí tó pẹ́ jù ni yóò parẹ́. Bí ó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn, torí pé ti atúnṣe ni. Ẹ̀rí bàbá ti bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. `FileHandler` máa ń ti ìlà kọ̀ọ̀kan jáde sọ́wọ́ operating system lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà tí ètò bá kú lójijì, ìlà tó kẹ́yìn ṣì máa ń yè. Ṣùgbọ́n tí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú fin-ín, ohun tí operating system kò tíì kọ sórí dísìkì lè sọnù. Àwọn logger tó ń to iṣẹ́ wọn sínú queue kí wọ́n lè yára, irú èyí tó wà nínú Log4j 2 ti Java, lè pàdánù gbogbo ohun tó ṣì ń dúró nínú queue náà. PostgreSQL, bí wọ́n ṣe máa ń tò ó láti ilẹ̀, kì í sọ pé commit ti parí títí àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò fi dé orí dísìkì. Ní ìlú tí a ti ń fi jẹnẹrétọ̀ àti inverter gbé ọjọ́ dé alẹ́, ìyàtọ̀ tí ẹ ó fojú rí ni èyí.

Ìnira constructor ni pé ó ń gùn. Kíláàsì kan tó wà láàárín, tí kò ní ohun tó fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ṣe, yóò máa gbà á kó lè gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní .NET, ẹ ó kàn kọ `ILogger<IraKoko>` sínú constructor, container, ìyẹn apá .NET tó ń dá àwọn object sílẹ̀, yóò sì gbé e wá fúnra rẹ̀. Laravel ti PHP náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún `LoggerInterface`. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìnira yìí lára, bí ó bá sì fi lọ́ọ̀gì atúnṣe gba constructor pẹ̀lú, n kò ní bá a jà. Ẹni tó ń kọ Python lásán yóò mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ó fi ọ̀nà yìí pamọ́ fún ẹ̀rí nìkan.

Kíláàsì òbí: ẹ má ṣe é

Ọ̀nà yìí máa ń fa ojú mọ́ra. Ẹ ó kọ `class Onilog`, ẹ ó fi `self.log` sínú rẹ̀, gbogbo kíláàsì yóò sì jogún rẹ̀. Ìlà kan péré ni, ó sì mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n Java, C# àti PHP kì í fún kíláàsì ju òbí kan lọ. Tí `IraKoko` bá ti ní láti jogún Model ti Eloquent, apá Laravel tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, àyè òbí ti tán. Àyè kan ṣoṣo tí kíláàsì ní láti sọ ohun tó jẹ́, ẹ ti fi sọ pé ó ń kọ lọ́ọ̀gì. Kò sí ẹni tí í torí pé ó nílò gègé kó yí ìdílé rẹ̀ padà.

Orúkọ náà tún máa ń dàrú. Tí òbí bá dá logger sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, gbogbo ìlà láti gbogbo kíláàsì yóò máa jẹ́ `Onilog`, ẹ kò sì ní lè yà òṣùwọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ìsanwó. Tí ẹ bá lo `type(self).__name__` láti tún un ṣe, ìlà tí a kọ sínú kóòdù òbí yóò máa jẹ́ orúkọ ọmọ, ẹ ó sì máa wá ìlà náà nínú fáìlì tí a kò kọ ọ́ sí.

Trait ti PHP, ìyẹn àkójọ method tí kíláàsì lè lò láìjogún, tó wọlé pẹ̀lú PHP 5.4 ní 2012, sàn ju èyí lọ nítorí pé kò gba àyè òbí. Mixin ti Python náà ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. PSR-3 ní `LoggerAwareTrait` tó ń fún kíláàsì ní `setLogger`. Ẹ kàn rántí pé logger kò sí níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi pe `setLogger`. Tí ẹni yẹn bá gbàgbé, ètò yóò ṣubú níbi ìlà lọ́ọ̀gì, ibi tó burú jù lọ tí ètò lè ṣubú sí. Ẹ fi `NullLogger`, logger tí kì í kọ nǹkan kan, sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kíláàsì ìbora

Nígbà mìíràn, kíláàsì náà kì í ṣe tiyín. `Isanwo` ń bá báǹkì sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ẹ kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ kọ òmíràn tí yóò bò ó:

```python
class IsanwoOnilog:
    def __init__(self, inu, log):
        self.inu = inu
        self.log = log

    def san(self, agbe, iye):
        self.log.info("Isanwo bere fun agbe %s", agbe.nomba)
        try:
            esi = self.inu.san(agbe, iye)
        except Exception:
            self.log.exception("Isanwo kuna fun agbe %s", agbe.nomba)
            raise
        self.log.info("Isanwo pari fun agbe %s", agbe.nomba)
        return esi
```

`log.exception` yóò kọ gbogbo ipa ọ̀nà tí àṣìṣe náà gbà wá, `raise` yóò sì jẹ́ kí àṣìṣe náà máa lọ síbi tó ń lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ `raise` yẹn kúrò. Ìsanwó tó kùnà tí ètò sì dákẹ́ bí ẹni pé ó yọrí, wàhálà ńlá ni.

Mo fẹ́ràn ìbora fún gbogbo ibi tí ètò yín ti ń kan ayé òde: báǹkì, SMS, API ẹlòmíràn. Ó ń rí ìwọlé, ìjáde, àṣìṣe, àti ìṣẹ́jú tí ó gbà. Ohun tí kò lè rí ni àárín. Tí `IraKoko` bá dín owó kù nítorí pé kòkó kò gbẹ, ìbora kò lè sọ ìdí rẹ̀, èsì nìkan ló rí. Tí interface náà bá sì ní method ogún, ogún ni ẹ ó kọ.

AOP (aspect-oriented programming) ni wọ́n fi ń yẹra fún ogún yẹn. Ní Xerox PARC ni Gregor Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé èrò náà jáde ní 1997, ibẹ̀ náà ni AspectJ ti wá. Ẹ ó kọ òfin kan pé gbogbo method inú package yìí ni kó kọ lọ́ọ̀gì, ó parí. Nínú Spring ti Java, proxy, ìyẹn object tó dúró níwájú object gidi, ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà tí method kan bá pe òmíràn nínú object kan náà pẹ̀lú `this`, kò ní gba ara proxy kọjá, lọ́ọ̀gì kò sì ní sí, kò sì sí ẹni tí yóò kìlọ̀ fún yín. Fún ilé iṣẹ́ ńlá tó ní kíláàsì tó pọ̀ rẹpẹtẹ, ó tọ́. Fún ilé ìrakòkó wa, ó ti pọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| Ọ̀nà | Ohun tó lè rí | Ibi tó ti ń dunni | Òǹkàwé tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Òkè fáìlì | Gbogbo ohun tó wà nínú method | Ó fara pamọ́ | Atúnṣe |
| Constructor | Gbogbo ohun tó wà nínú method | Constructor ń gùn | Àgbẹ̀, ọ̀gá, ayẹ̀wé-owó-wò |
| Kíláàsì òbí | Gbogbo rẹ̀ | Ó gba àyè òbí, ó da orúkọ rú | Kò sí |
| Trait, mixin | Gbogbo rẹ̀ | Logger lè ṣàì sí níbẹ̀ | Atúnṣe |
| Ìbora | Ẹnu ọ̀nà nìkan | Method kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó kọ | Atúnṣe, ní ibi tí a ti ń kan ayé òde |
| AOP | Ẹnu ọ̀nà nìkan | Ó lè dákẹ́ láìkìlọ̀ | Atúnṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá |

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú lọ́ọ̀gì

Ọ̀nà tí ẹ bá yàn kan èyí náà. Ìbora àti AOP máa ń dán ènìyàn wò láti kọ gbogbo ohun tí method gbà, torí pé ó rọrùn. Tí `Isanwo` bá gba àgbẹ̀ pẹ̀lú BVN rẹ̀, nọ́ńbà 11 yẹn ti wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni tó bá dé orí sáfà lè ṣí. Nigeria Data Protection Act ti 2023 ti jẹ́ kí ó jẹ́ ojúṣe yín láti dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ mi lókè, `agbe.nomba` nìkan ni mo kọ, nọ́ńbà tí ilé ìrakòkó fúnra rẹ̀ fún un. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí oníbàárà tẹ̀ wọlé náà gba ìṣọ́ra. Ní oṣù Kejìlá 2021, gbogbo ayé rí i pé Log4j 2 ń túmọ̀ àwọn àmì kan tó bá rí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó kọ, débi pé ẹni tó bá tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú àpótí orúkọ lè mú kí sáfà lọ gbé kóòdù wá láti ìta kó sì ṣiṣẹ́ lé e lórí. CVE-2021-44228 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ máa mú logger yín bá ẹ̀dà tuntun mu bí ẹ ṣe ń ṣe sí gbogbo ohun tó kan owó.

Ó ku ti orúkọ wa. Tí ẹ bá ń kọ orúkọ tó ní ẹ, ọ àti ṣ sínú fáìlì lórí Windows, ẹ fi `encoding="utf-8"` sí `FileHandler`. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Python lè gbìyànjú encoding àtijọ́ tí kò mọ lẹ́tà wọ̀nyẹn, ìlà náà kò sì ní dé inú fáìlì.

Nínú ètò ilé ìrakòkó wa, `Osuwon` yóò ní logger lókè fáìlì rẹ̀. `IraKoko` yóò gba ìwé ẹ̀rí nínú constructor, yóò sì tún ní logger tirẹ̀ lókè fáìlì fún atúnṣe; méjèèjì lè gbé inú kíláàsì kan. `Isanwo` yóò wọ ìbora. Tí ètò yín bá ti pẹ́ nílẹ̀ tí print sì kún inú rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ti ibi ìsanwó bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ kò ní láti fọwọ́ kan kíláàsì tó wà nílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló kàn, kí àwọn àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkó ọdún wá.